Ilé Tí Kì í Ti Ilẹ̀kùn

Otútù ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni tó bá ti wà nínú kòròpé láti Awoyaya dé Ajah ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí oòrùn ń yan páànù ọkọ̀ lórí, tí àpò ẹja ẹlòmíràn sì ń fẹ̀yìn tì í lẹ́sẹ̀, yóò mọ irú òùngbẹ afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ mí lọ́jọ́ náà. Mo wọ ọ́fíìsì máníjà ilé ìtura kan lọ́nà Badore, ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí mi lọ́rùn, ara mi balẹ̀ bí ẹni tó dé ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ ka iwájú mi, ojú ewé 5, gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le bí èkùrọ́.

"Ẹ fara balẹ̀ kà á o," ni máníjà wí.

Mo ṣí ojú ewé kìíní, mo mi orí. Mo ṣí ìkejì, mo tún mi orí. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo ṣe "hùn" bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ilẹ̀. N kò ka gbólóhùn kan níbẹ̀. Owó oṣù nìkan ni ojú mi ń wá, mo sì ti rí i: ₦90,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìjọba Èkó ní ₦85,000 ni òun yóò máa san fún àwọn òṣìṣẹ́ tòun. Mo fi ₦5,000 ju òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ! Mo gba bírò onírin tó wúwo yẹn, mo fọwọ́ sí i, mo fà á nírù, mo tún fi àmì méjì sí abẹ́ rẹ̀. Máníjà kó ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. N kò bèèrè ẹ̀dà kankan. Àṣìṣe kìíní nìyẹn, ó sì bí àwọn àbúrò.

Èkejì ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ìwé. Máníjà ti kọ́kọ́ bi mí pé, "Ibo lẹ ń gbé?" Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí ni wọ́n máa ń fẹ́. Mo ní, "Ajah níbí ni, sà. Ẹ̀yìn bíríìjì." Irọ́ funfun ni. Awoyaya ni mò ń gbé. Bí ọ̀nà bá dá, kò le. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ọ̀nà ń dá? Ní ìrọ̀lẹ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á gbà ọ́ lábẹ́ bíríìjì Jubilee, á fà ọ́ lé Abraham Adesanya lọ́wọ́, Abraham Adesanya á fà ọ́ lé Sangotedo, Sangotedo á tó rántí pé Abíjó náà fẹ́ rí ọ. Máníjà kọ "Ajah" sínú ìwé, inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn. Àwa méjèèjì kò mọ̀ pé gbèsè ni mo ń tọrọ.

Ọjọ́ kìíní iṣẹ́, aago 8 àárọ̀ ni mo dé. Agbàlejò ni mí: èmi ni mo ń jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, tí mo ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́, tí mo ń gba owó, tí mo tún ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá dísùú. Nígbà tó di aago 5 ìrọ̀lẹ́, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká.

"Ibo lẹ ń lọ?" Máníjà ni.

"Ilé ni, sà. Aago márùn-ún ti lù."

"Ṣé ilé iṣẹ́ ti pa dé ni?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn náà. Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní ìdábùú, kò tilẹ̀ ní ihò tí kọ́kọ́rọ́ lè wọ̀. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ọn pé wákàtí 24 ni a fi ń ṣí lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Máníjà kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò mi kalẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ wọlé ní aago 10. Bí ó ti ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Ní 1 May, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà ti ń fi sinmi láti 1981, àlejò kún ilé wa fọ́fọ́, mo sì fi wákàtí 15 bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo bá ṣàròyé, máníjà á ní, "Iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ìṣẹ́ ló ń pa ènìyàn." Òun náà kò tíì relé nígbà tó ń sọ ọ́.

Lóru ọjọ́ kan, fóònù mi dún ní aago 11 kọjá ogójì ìṣẹ́jú. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ti kú, kọ́kọ́rọ́ yàrá dísùú sì wà nínú àpò ṣòkòtò mi tó wà lórí ìṣó ní Awoyaya. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni láti ilé yín," ni máníjà wí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fo jáde, mo gun ọ̀kadà. Kí a tó dé Sangotedo, ọlọ́kadà dúró gbagidi. Ó ní láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, pé òun kò ní torí kọ́kọ́rọ́ dísùú fi alùpùpù òun ta ọlọ́pàá lọ́rẹ. Mo rìn, mo sáré, mo bẹ oníkẹ̀kẹ́, mo tún rìn. Mo dé ibi iṣẹ́ ní aago 1 kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn àlejò ti gbé àga jáde sí ìta, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bú baba ẹni tó ni ilé. Máníjà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yìn bíríìjì wo lẹ ń gbé? Ti Ṣàgámù?"

Mo ní ìṣọ́ òru ni mo lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì lo oṣù méjì tí òtítọ́ fi ń mí sí i lọ́rùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ la ojú mi ni Bàbá Géètì. Kí bàbá yìí tó di ẹni tó ń ṣí géètì fún ọkọ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "ìwé tìrẹ dà? Òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé kí oṣù mẹ́ta tó pé: iye owó rẹ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́ rẹ, ìsinmi rẹ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá ṣàìsàn, iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó já okùn."

Mo bẹ máníjà títí ó fi yá mi ní ìwé náà fún wákàtí kan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń ṣe fótókọ́pì lábẹ́ bíríìjì. Ọmọ náà gbé ojú ewé kejì lé ẹ̀rọ, ó dúró, ó gbé e sókè, ó kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní aago 8 àárọ̀ títí ilé iṣẹ́ yóò fi pa dé. Hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ nìyí?" Ó pe ọmọ tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó. Ìyẹn pe oníbọ̀ọ̀lì. Àwọn mẹ́ta ka àdéhùn mi lábẹ́ bíríìjì Ajah, wọ́n wò mí bí a ti ń wo ẹni tó ra ilẹ̀ lórí ọ̀sà. Oníbọ̀ọ̀lì bù mí ní bọ̀ọ̀lì kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Géètì pẹ̀lú ìbínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó ní jíjà lórí aago kò bẹ̀rẹ̀ lónìí l'Ékòó. Ní oṣù kẹjọ 1897, nígbà tí Gómìnà McCallum yí wákàtí iṣẹ́ padà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà, tó ń kọ́lé, tí ó sì tún fẹ́ dín owó wọn kù, àwọn bí 3,000 gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, gómìnà sì ní láti jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ ti Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, àti ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò 1945. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí òfin sọ gan-an, ó ní kí n mú sùúrù, kí oṣù mẹ́ta mi kọ́kọ́ pé. Ṣùgbọ́n etí mi ti kún. Ìyanṣẹ́lódì nìkan ni mo gbọ́. Mo ti di Imoudu, àfi pé kò sí ẹnì kan tó tẹ̀ lé mi. Mo pe Ìyá Kíṣìnì tó ń dáná nílé ìtura wa, ó ní òun ní ẹ̀wà lórí iná.

Àṣìṣe kẹta: mo wọ ọ́fíìsì Màdámú tó ni ilé, mo na ọwọ́ sókè. "Màdámú, òfin Nàìjíríà sọ pé wákàtí 8 ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe lójúmọ́!"

Màdámú bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò bínú. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé Òfin Iṣẹ́ jáde, Labour Act fúnra rẹ̀, ó ṣí abala 13, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi. "Kà á sókè. Ibi tí wọ́n ti kọ 8 ni kí o fi ọwọ́ sí."

Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jọ fohùn sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá àwọn agbanisíṣẹ́ dúnàádúrà lé lórí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá gbé kalẹ̀. Èyí tó bá lé ni ófátáìmù. Mo wá 8 lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mo yí ojú ewé padà bóyá ó sá pamọ́ sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

"Èmi àti ìwọ ti fohùn ṣọ̀kan," ni Màdámú wí. Ó fi ìka kan ìtọwọ́bọ̀wé mi, pẹ̀lú ìrù rẹ̀ àti àmì méjì abẹ́ rẹ̀. "Ó tilẹ̀ rẹwà."

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ibi tí mo ti gbọ́ 8 yẹn. Ní 1919, ní Washington, ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ṣe àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́: wákàtí 8 lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀, fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwa yòókù gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa títí a fi gbà pé ó wà nínú òfin wa. Mo ṣírò tèmi: láti 8 àárọ̀ dé 10 alẹ́, ọjọ́ 7, wákàtí 98 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ ènìyàn méjì nìyẹn, pẹ̀lú wákàtí méjì tí mo fi ta Màdámú lọ́rẹ. Òfin tiwa fi aago náà sílẹ̀ lórí tábìlì láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ẹni tí kò bá nawọ́ mú un, ẹnì kejì á gbé e lọ.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ni abala 11. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti fún un kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ọjọ́ tí mo lọ na ọwọ́ sókè yẹn, oṣù mẹ́ta mi ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní kí n mú sùúrù.

Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ dìde kúrò lọ́dọ̀ Màdámú, ojú mi yọ́ lọ sísàlẹ̀ abala 13 kan náà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ní, "wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Wọ́n tún ní ọjọ́ kan nínú méje, wákàtí 24 gbáko."

Màdámú kà á fúnra rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Máa gba wákàtí kan rẹ. Ti ọjọ́ ìsinmi, jẹ́ kí n rò ó."

Ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ tó gbọ́ àṣìṣe kẹrin. Lọ́jọ́ kejì, aago 1 ọ̀sán, mo fi Ìyá Kíṣìnì sídìí tábìlì. Ẹni tó ti ń sun wákàtí mẹ́rin lóru fún oṣù mẹ́ta, ibo ni yóò ti fi wákàtí ìsinmi rẹ̀ ṣe? Yàrá 7 ṣófo. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, aṣọ funfun, ìrọ̀rí mẹ́rin. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kó má baà rún. Mo bọ́ ṣòkòtò náà, nítorí ohun kan náà. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn lélẹ̀. Fóònù tí ìbá jí mi wà nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń fi iná sí i.

Igbe obìnrin ló jí mi. Ọkọ àti ìyàwó tuntun láti Ìbàdàn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpótí lọ́wọ́ ọkọ, òdòdó lọ́wọ́ ìyàwó. Aago ti di 4 ààbọ̀. Ìyá Kíṣìnì ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ènìyàn wà lókè. Ẹ wò ó, oṣù mẹ́ta iṣẹ́ kì í ṣe eré. Ẹnu mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di pé ọpọlọ jí. Mo jókòó láàárín bẹ́ẹ̀dì wọn, mo fa aṣọ funfun bo àyà, mo sì fi ohùn ẹnu iṣẹ́ wí pé: "Ẹ kú ìrìnàjò o. Ẹ káàbọ̀ sí ilé yín. Ṣé yàrá tẹ́ ẹ yín lọ́rùn?"

Ọkọ bi mí pé ṣé mo wà lára owó tí wọ́n san ni.

Máníjà ní owó ìtanràn ₦20,000 yóò kúrò nínú owó oṣù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò na ọwọ́ sókè. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn lọ́dọ̀ Bàbá Géètì, mo ka àdéhùn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú ewé 5, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Mo ka òfin náà tẹ̀ lé e. Abala 5 kò gbà kí ọ̀gá yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní kíkọ sílẹ̀, kó tó fọwọ́ kan owó náà. Ohun tó dùn mí jù wà ní ojú ewé kẹrin ìwé tèmi gan-an: pé a lè yí àdéhùn náà padà nígbàkigbà, bí tọ̀tún tòsì bá ti fẹnu kò, tí wọ́n sì kọ ọ́. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ otútù yẹn.

Mo kọ ọ́. Aago 8 sí 5, ìsinmi wákàtí kan láàárín, Ọjọ́bọ̀ kí n wà nílé. Ẹ ṣírò rẹ̀: 48 lọ́sẹ̀. Èyí tó bá lé, ófátáìmù. Mo gbé e lọ fún Màdámú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Yàrá 7. Mo tún jẹ́wọ́ pé Awoyaya ni mò ń gbé.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí ọ lábẹ́ bíríìjì tí ò ń jìjàkadì wọ kòròpé Awoyaya." Ó fagi lé ₦20,000 náà. Ó fi ìlà kan kún ìwé mi: ẹni tó bá pẹ́ dé yóò fi iye àkókò kan náà dí i ní ìrọ̀lẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ Bàbá Géètì fún àtidé àti àtilọ. Mo kà á sókè, títí dé àmì ìdánudúró. Mo fọwọ́ sí i láìsí ìrù. Mo gba ẹ̀dà tèmi.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, òjò Etí-Ọ̀sà ṣí ojú rẹ̀ sí wa. Omi gba ọ̀nà, ọkọ̀ dúró láti Sangotedo wá. Mo dé ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 35, bàtà lọ́wọ́. Bàbá Géètì na ìwé sí mi.

"Bàbá, ẹ ṣàánú. Ẹ kọ 8."

"Ọmọ mi, ìwọ lo ní kí aago wà. Aago kì í sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan." Mo kọ 9:35.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni máníjà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì bí ẹni tó kàn ń gba afẹ́fẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, abala 13 yẹn, kí ló sọ nípa irú èmi?"

Bàbá fọ́n imú. "Òfin yẹn kò ka irú yín sí òṣìṣẹ́, sà. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe akọ̀wé ló wà fún. Ẹni tó bá ń ṣàkóso kò sí nínú rẹ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nìkan lẹ ní. Kí ni wọ́n kọ sínú tiyín?"

Máníjà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tí otútù mú fọwọ́ sí ìwé ni.

Mo san wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 mi. Ní 6:35 ìrọ̀lẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo kọrí sí ilẹ̀kùn gíláàsì tí kì í tì. Máníjà jókòó sídìí tábìlì mi, kò bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Ó ti rí ìwé tirẹ̀ wá láti inú dúrọ́ọ̀ Màdámú. Ojú ewé kìíní ló ṣì wà, ó ń fi ìka tọ ìlà, ètè rẹ̀ sì ń mì wúyẹ́wúyẹ́.